Ẹ̀gbọ́n tó ń gba owó ara rẹ̀ padà: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan nípa títú páálí ààbọ̀ dọ́là

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé, ní Prince George's County, ìpínlẹ̀ Maryland, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí débi pé èèyàn lè ra ògì àti ewédú tán kó tó yà sí báńkì. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni mo máa ń pè é, Ẹ̀gbọ́n náà ni màá sì máa pè é níbí. Ó yọ̀ǹda kí n kọ ọ́, ó ní kí n ṣáà má fi báńkì òun hàn.

Nígbà tó kọ́kọ́ pè mí lórí fóònù nípa ọ̀rọ̀ yìí, ó ti tú páálí kan, ìyẹn páálí tí báńkì ń kó ààbọ̀ dọ́là, owó onírin 50 sẹ́ńtì, sí, ó ń wá fàdákà nínú rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn. Ẹnìkan tí wọ́n jọ ń wakọ̀ ló sọ fún un pé fàdákà gidi ṣì wà nínú owó onírin tí báńkì ń fúnni, àti pé iye tí wọ́n kọ sí owó náà lára ni báńkì máa gbà lọ́wọ́ ẹni, bó ti wù kí fàdákà inú rẹ̀ níye lórí tó. Ẹ̀gbọ́n gba páálí ààbọ̀ dọ́là kan ní $500. Ó rí mẹ́fà tó ní fàdákà: márùn-ún tí ọdún wọn wà láàárín 1967 sí 1969, àti ẹyọ kan ti 1964.

"Àbúrò, ṣé o mọ̀ nípa nǹkan yìí látọjọ́ yìí, tí o ò sọ fún wa?"

Mo ní mo mọ̀. Mo tún ní kó fara balẹ̀. Kò gbọ́ èkejì.

Fún ẹni tí kò bá tíì tú rólù, ìyẹn owó onírin tí wọ́n fi bébà wé pọ̀, rí, ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá nìyí. Títí di ọdún 1964, ìdá 90 nínú 100 ara dáìmù (sẹ́ńtì mẹ́wàá), kọ́tà (sẹ́ńtì 25) àti ààbọ̀ dọ́là Amẹ́ríkà jẹ́ fàdákà. Fàdákà wá ń wọ́n sí i, àwọn èèyàn ń kó owó pamọ́, ni Ààrẹ Lyndon Johnson bá fọwọ́ sí òfin tuntun ní oṣù keje ọdún 1965. Wọ́n yọ fàdákà kúrò nínú dáìmù àti kọ́tà pátápátá. Ti ààbọ̀ dọ́là, wọ́n dín in kù sí ìdá 40, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di 1970. Láti 1971 ló ti di bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì.

Ohun tó mú ààbọ̀ dọ́là yàtọ̀ ni pé àwọn ará Amẹ́ríkà kò ná an mọ́. Oṣù kọkànlá 1963 ni wọ́n pa Ààrẹ Kennedy. Nígbà tí owó tó ní àwòrán orí rẹ̀ jáde ní 1964, olúkúlùkù gbé tirẹ̀ pamọ́ fún ìrántí. Bí owó náà ṣe kúrò lọ́jà nìyẹn, kò sì padà síbẹ̀ dáadáa mọ́. Dúróò ilé àwọn àgbàlagbà ló wà, àti yàrá irin báńkì. Ìdí nìyẹn tí dáìmù fàdákà fi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ṣílè tí à ń gbà ní ṣọ́ọ̀bù, tí ààbọ̀ dọ́là fàdákà sì ṣì ń yọjú nínú rólù. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé àwa tí à ń tú rólù la pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bèèrè rẹ̀ ní báńkì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló fa wàhálà tí Ẹ̀gbọ́n kó sí.

Páálí kan gba rólù 50. Owó 20 ló wà nínú rólù kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan owó, ó sì wúwo ju kìlógíráàmù 11 lọ. Ẹni tí kò mọ̀ á máa gbé owó kọ̀ọ̀kan sójú láti ka ọdún ara rẹ̀. Bí Ẹ̀gbọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, títí di aago méjì òru, ojú ń ta á. Mo lọ sílé rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan láti fi ọ̀nà tó yá hàn án. A ya bébà rólù, a da owó 20 náà sórí pátákó, a tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí etí wọn lè dojú kọ wá. Etí ni à ń wò. Èyí tí kò ní fàdákà máa ń ní ìlà bàbà pupa tó yí i ká. Ti 1964 sẹ́yìn funfun láti òkè dé ilẹ̀, kò ní ìlà kankan. Ti 1965 sí 1970 ló máa ń tanni jẹ: ìlà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì bí eérú, kò pupa. Bí iyèméjì bá kù, ẹ jù ú sórí pátákó. Ti bàbà á dún "kò", fàdákà gidi á dún "gíín", ohùn rẹ̀ á sì pẹ́ kó tó kú. Sikéèlì ilé ìdáná kì í ranni lọ́wọ́ lórí ìdá 40, torí gíráàmù 11.5 ni òun, ti bàbà sì jẹ́ 11.34. Ti 1964 sẹ́yìn nìkan ló wúwo tó láti dá mọ̀, gíráàmù 12.5.

Láti ìgbà náà, ogójì ìṣẹ́jú ló ń gba Ẹ̀gbọ́n láti tú páálí kan. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀bùn tí mo fún un yẹn náà ló máa jẹ́ kó sáré wọ gbèsè.

Oṣù tó tẹ̀lé e ló kan Ẹ̀gbọ́n láti kó àjọ. Àwọn méjìlá ló ń dá a, $500 lóṣooṣù, nítorí náà $6,000 ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Owó yẹn ti ní iṣẹ́ tó fẹ́ fi ṣe tẹ́lẹ̀, wọ́n fẹ́ fi tún òrùlé ṣe. Ó ronú pé kò séwu nínú kí owó náà kọ́kọ́ yí po lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta nínú páálí kí àwọn tó máa tún òrùlé ṣe tó dé, nígbà tó jẹ́ pé owó tó bá gbà ní báńkì lónìí ló máa dá padà lọ́la, láìdín kọ́bọ̀. Lórí ìwé, òótọ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè páálí mẹ́rin lọ́sẹ̀ ní ẹ̀ka báńkì tó sún mọ́ ilé rẹ̀.

Páálí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìdá 40 ẹyọ méjì péré. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹyọ kan. Ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sí nǹkan kan rárá nínú páálí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó pè mí, ó ní bóyá àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ló ń ṣà á kó tó dé ọ̀dọ̀ òun. Gbogbo wa la máa ń kọ́kọ́ fẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ báńkì. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú páálí tí ẹ̀rọ fi bébà wé tí wọ́n sì lẹ̀ pa. Mo bi í pé níbo ló ń dá èyí tó bá ti tú padà sí. Ó ní ẹ̀ka mìíràn ti báńkì kan náà ni, ní òpópónà kejì, torí ẹ̀rọ tó ń ka owó onírin wà níbẹ̀, wọn kì í sì gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà.

Mo sọ fún un pé kó ra máákà dúdú kan. Lára àwọn tí kò ní fàdákà, kó ṣa àwọn tí wọ́n rọ fún ayẹyẹ igba ọdún Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n kọ 1776–1976 sí, tó ní àwòrán ilé Independence Hall lẹ́yìn. Kó tọ́ máákà sí ṣóńṣó ilé ìṣọ́ tó wà nínú àwòrán náà, tó-ín, kí ẹni tí kò bá mọ̀ má rí i. Kó wá dá a padà bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, kó sì máa gba páálí rẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ tí fọ́tò fi wọlé sórí WhatsApp mi. Owó mẹ́ta lórí pátákó, àmì dúdú lórí ilé ìṣọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Rólù àkọ́kọ́ tó ya nínú páálí tuntun ló ti rí wọn. Kó tó tú páálí náà tán, àwọn alámì ti lé ní ogójì. Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹ̀ka báńkì kì í sábà wé rólù fúnra rẹ̀. Owó onírin tó bá pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn, ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ búlíọ́nù ló ń wá kó o. Ilé iṣẹ́ yẹn ló ń kà á, tí ẹ̀rọ wọn ń fi bébà wé e, tí wọ́n ń dì í sí páálí, tí wọ́n sì ń gbé e fún ẹ̀ka tó bá bèèrè. Tí ó bá jẹ́ kọ́tà tàbí dáìmù, owó tó ń gba ọwọ́ wọn kọjá pọ̀ gan-an. Èyí tí èèyàn dá padà á pòórá sínú rẹ̀, ó di ọwọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ààbọ̀ dọ́là kò ní ṣọ́ọ̀bù tó ń bèèrè rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àti bóyá ẹni méjì mìíràn ládùúgbò ló ń gbà á, àwọn náà ló ń dá a padà. Inú yàrá kan náà ló ń lọ, láti ibẹ̀ náà ló sì ń bọ̀. Nígbà tí ẹ̀ka méjèèjì jẹ́ ti báńkì kan, tí ilé iṣẹ́ búlíọ́nù kan náà sì ń ṣiṣẹ́ fún wọn, Ẹ̀gbọ́n ń sanwó epo mọ́tò láti lọ gba ohun tó ti tú sílẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Páálí àkọ́kọ́ yẹn náà ló tàn án. Ó jọ pé ẹnìkan ti kó ohun tó wà nílé bàbá rẹ̀ wá sí báńkì kété kí Ẹ̀gbọ́n tó dé, ó sì kó èrè rẹ̀. Ní tèmi o, páálí àkọ́kọ́ tó dára ni nǹkan tó burú jù tó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òfo máa ń bèèrè ìbéèrè.

Ó yí báńkì tó ti ń gbà padà. Ó wá báńkì tí orúkọ ilé iṣẹ́ búlíọ́nù tó wà lára páálí wọn yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ó wà níbẹ̀, lórí lébẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń wò ó. Nǹkan sàn díẹ̀: ìdá 40 ẹyọ kan tàbí méjì nínú páálí kan, páálí mìíràn òfo. Àmọ́ ibòmíràn ló ti já báyìí. Máníjà ẹ̀ka tí ẹ̀rọ wà pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ààbọ̀ dọ́là tó ń dà sínú ẹ̀rọ ti ń tètè kún àpò rẹ̀, ẹ̀rọ á dákẹ́, àwọn oníbàárà yòókù á máa bínú, àwọn sì ní láti sanwó kí wọ́n tó wá kó o. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó má dà á síbẹ̀ mọ́.

Ọkùnrin yẹn kò ṣe àṣìṣe kankan. Ṣùgbọ́n nǹkan bí $4,000 ló wà nínú gáràjì Ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ náà, gbogbo rẹ̀ onírin, ó wúwo tó kìlógíráàmù 90. Owó àjọ oṣù náà sì ti pé. Ẹni tó bá ti kó àjọ tán ni ojú gbogbo ẹgbẹ́ ń wà lára rẹ̀ jù. Kò sí bó ṣe fẹ́ sọ fún olórí àjọ pé owó wà lọ́wọ́ òun ṣùgbọ́n kò ṣeé gbé. Ó yá $500 lọ́wọ́ àbúrò ìyàwó rẹ̀. Òrùlé ṣì ń jò.

Ẹnìkan tún wá gbà á nímọ̀ràn pé kó máa kó o ní díẹ̀ díẹ̀, $200 níbí, $300 lọ́hùn-ún, lọ sí oríṣiríṣi ẹ̀ka kí ojú má bàa wà lára rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é kó tó dé iwájú ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní káńtà ní credit union kan (irú báńkì tí àwọn oníbàárà rẹ̀ fúnra wọn ni), ọmọ Yorùbá. Mo fi ọ̀rọ̀ wọn síbí bí Ẹ̀gbọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti yí padà.

"Ẹ káàsán, sà. Ààbọ̀ dọ́là lẹ tún kó wá. Níbo lẹ ti ń rí gbogbo èyí?"

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ parọ́, ó ní ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti wà lẹ́nu òun. Ó wá sọ òótọ́: fàdákà ni òun ń wá, èyí tí kò ní in lòun ń dá padà.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé é pín in kiri. Ẹ wé e, ẹ kó gbogbo rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, màá sọ fún ọ̀gá mi kí ẹ tó dé."

Ó wá ṣàlàyé ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣì gbọ́. Bí owó tí èèyàn fi lé báńkì lọ́wọ́ lóòjọ́ bá ti kọjá $10,000, báńkì gbọ́dọ̀ kọ fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí ìjọba, ì báà jẹ́ bébà, ì báà jẹ́ onírin. Fọ́ọ̀mù yẹn kì í ṣe ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ owó sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n má bàa kọ fọ́ọ̀mù náà, ìyẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, kódà bí owó náà bá mọ́ bí omi. Owó Ẹ̀gbọ́n kò tilẹ̀ sún mọ́ iye yẹn. Kò sí òfin kankan tó ń rú. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sá kiri láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka yẹn gan-an ló lè mú kí báńkì ti àkáǹtì rẹ̀ pa, wọn kì í sì í ṣàlàyé púpọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ ṣe é.

Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ fi òpin ọ̀sẹ̀ kan wé $4,000 sínú bébà rólù, ogún ogún. Ọmọbìnrin náà gbà á láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday tí èrò kò pọ̀. Ó ń ka rólù lọ, ó wá béèrè ohun tí kò sẹ́ni tó béèrè rí: "Sà, ṣé ẹ ò fẹ́ èyí tí àwọn oníbàárà fọwọ́ wé wá ni? Ó wà nísàlẹ̀ dúróò mi, kò sẹ́ni tó ń gbà á."

Ẹ̀gbọ́n ò bèèrè irú rẹ̀ rí. Lójú rẹ̀, páálí tó lẹ̀ pa ló jọ ojúlówó. Èyí tí èèyàn fọwọ́ wé jọ àjẹkù. Òdì kejì ni òtítọ́. Páálí tó lẹ̀ pa ti gba yàrá búlíọ́nù kọjá, ó sì lè ti gba ọwọ́ ìwọ̀nba àwa tí à ń tú u kọjá ní ìgbà tí a ò lè kà. Rólù tí oníbàárà fọwọ́ wé wá láti ilé, inú ilé náà ló ti wá tààrà. Bí kò bá jẹ́ ẹni tó ń tú rólù ló dá a padà, kò tíì sẹ́ni tó wò ó.

Rólù mẹ́rin ló fún un, $40. Bébà méjì nínú wọn ti gbó, ó ti di aláwọ̀ ẹsẹ̀ ẹtù, ẹnìkan sì ti fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Inú mọ́tò ní páàkì ni Ẹ̀gbọ́n ti ya àkọ́kọ́, kò lè dúró dé ilé. Funfun láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, owó 20, gbogbo rẹ̀ 1964. Èkejì bẹ́ẹ̀, àfi pé ààbọ̀ dọ́là méjì tó ní àwòrán orí Benjamin Franklin wà láàárín wọn, irú èyí tó ní agogo lẹ́yìn, tí wọ́n rọ láti 1948 sí 1963. Rólù méjì tó kù, ìdá 40 ni gbogbo wọn, 1966 sí 1969.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí ẹnu lásán kì í san owó epo. Ounce ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ta fàdákà: ounce fàdákà 0.3617 ló wà nínú ààbọ̀ dọ́là ìdá 90, 0.1479 ló wà nínú ti ìdá 40. Ogójì ti àkọ́kọ́ àti ogójì ti èkejì jẹ́ nǹkan bí ounce 20.4. Bí ounce kan bá jẹ́ $30, ohun tó gbà ní $40 ju $600 lọ. Gbogbo fàdákà tó ti rí nínú páálí láti ìbẹ̀rẹ̀, yàtọ̀ sí ti páálí àkọ́kọ́, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí.

Ó pè mí, kò tilẹ̀ kí mi. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, ó wá ní ọkàn òun ò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀. Ọmọbìnrin náà ti sọ fún un pé ìyá àgbà kan ló kó rólù wọ̀nyẹn wá, lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Ṣé kì í ṣe pé òun rẹ́ opó jẹ? A jọ rò ó. Báńkì ti fún ìyá náà ní iye tó kọ sí owó lára, ọ̀rọ̀ wọn sì ti parí kí Ẹ̀gbọ́n tó mọ̀ pé ó wà. Kò sí ọ̀nà tó lè gbà mọ ẹni náà, kò sì yẹ kí òṣìṣẹ́ báńkì sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Ohun tí mo sọ ni pé èyí tó wà ní ọwọ́ báńkì ti di ti báńkì. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá wà lórí ìlà, tó rí i tí àgbàlagbà ń kó irú owó bẹ́ẹ̀ lọ sí káńtà, kó sọ fún un pé fàdákà ni. Mo mọ àwọn tó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà báńkì láti fi dọ́là bébà pààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ irú wọn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pè mí mọ́ wọn.

Láti ìgbà náà, bí Ẹ̀gbọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ yìí ti yàtọ̀. Páálí kò ju méjì lọ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, owó tó sì fi ń gbà á kì í ṣe owó tó ní iṣẹ́ mìíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi mí ní iye tó yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀, iye tó lè wà nínú gáràjì fún oṣù mẹ́ta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nílé mọ̀ ọ́n lára ni mo máa ń sọ. Wíwá ibi tí wọn yóò ti fún ọ rọrùn. Ibi tí wọn yóò ti gbà á padà ni kí o kọ́kọ́ wá, kí o tó gba rólù kan ṣoṣo. Kí ibi tí o ti ń gbà àti ibi tí o ń dá a padà sí má ṣe jẹ́ báńkì kan náà, kí o sì wo lébẹ́ẹ̀lì kí búlíọ́nù wọn má ṣe jẹ́ ọ̀kan. Bí ìlú rẹ bá kéré tó fi jẹ́ pé búlíọ́nù kan ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, máákà ni kí o fi mọ bó ṣe pẹ́ tó kí owó rẹ tó yí padà wá bá ọ, kí o sì sinmi títí àkókò yẹn á fi kọjá.

Ó ní ìwé kékeré kan báyìí. Ọjọ́, ẹ̀ka, páálí tàbí àfọwọ́wé, orúkọ búlíọ́nù, ohun tó rí. Ìwé yẹn ló fi hàn án pé ẹ̀ka méjì tó wà nítòsí ibi tí àwọn arúgbó pọ̀ sí ló máa ń ní àfọwọ́wé tó dára, àti pé oṣù tí àwọn èèyàn ń kó ilé ló ń pọ̀ jù. Kò bèèrè pé "ṣé ẹ ní páálí?" mọ́. Ohun tó máa ń bèèrè ni bóyá ààbọ̀ dọ́là kankan wà nínú dúróò, bó ti wù kó kéré tó, ì báà jẹ́ ẹyọ kan. Bí wọ́n bá ní ó wà, ó máa ń gbà á, kódà bó bá rí i láti òkèèrè pé bàbà ni, kí wọ́n lè rántí rẹ̀ nígbà mìíràn.

Ohun kan tún wà tó ti dá padà lọ́pọ̀ kó tó mọ̀. Kì í ṣe fàdákà nìkan ló ń mú kí ààbọ̀ dọ́là níye lórí. Ti 1987, wọn ò rọ ọ́ fún ọjà rárá, inú páálí tí wọ́n tà fún àwọn tó ń kó owó jọ ló ti jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni 1970 tó ní lẹ́tà D (lẹ́tà tó ń sọ ilé tí wọ́n ti rọ owó), èyí tó sì ní fàdákà ìdá 40. Láti 2002 títí di 2020 pẹ̀lú, àwọn olùkójọ ni wọ́n ń rọ ọ́ fún. Bí ẹ bá rí lẹ́tà S lára èyí tí ojú rẹ̀ ń dán bíi dígí, ẹ má dá a padà. Èrè orí àwọn tí kò ní fàdákà nínú wọn kò pọ̀ bíi ti fàdákà, ṣùgbọ́n ó ju 50 sẹ́ńtì lọ.

Ẹni tí kò bá rí ààbọ̀ dọ́là gbà lè tú nǹkan mìíràn. Nínú níkẹ́ẹ̀lì, ìyẹn owó sẹ́ńtì márùn-ún, àwọn ti ìgbà ogun, láàárín 1942 sí 1945, tó ní lẹ́tà ńlá lókè ilé Monticello, ní fàdákà ìdá 35. Nínú kọ́tà, ti 2019 àti 2020 tó ní lẹ́tà W. Mílíọ̀nù méjì péré ni wọ́n rọ nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń ṣa pẹ́nì (sẹ́ńtì kan) bàbà ti pọ̀ sí i láti ìgbà tí wọ́n ti rọ pẹ́nì ìkẹyìn fún ọjà ní Philadelphia, ní oṣù kọkànlá 2025, ṣùgbọ́n òfin ṣì kọ̀ kí ẹnikẹ́ni yọ́ pẹ́nì tàbí níkẹ́ẹ̀lì. Kí ẹ sì máa yọjú wo ihò tí ẹ̀rọ tó ń ka owó ń tu ohun tí kò fẹ́ sí. Fàdákà wà lára ohun tó máa ń tu síta, àwọn èèyàn kì í sì í padà mú un.

Ohun tó kù ni bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ohun tí wọ́n rí. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n, tí inú rẹ̀ ti wá yọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí báyìí, kó díẹ̀ lára àwọn ìdá 40 sínú abọ́, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, ó bu eérú sí i, ó sì fi kànìnkànìn bó o bí wọ́n ṣe ń bó ago bàbà nílé ìyá rẹ̀. Ó mọ́ lóòótọ́. A dúpẹ́ pé ìdá 40 ni. Ẹni tó ń ra fàdákà láti yọ́ kò bìkítà. Bó bá jẹ́ Franklin méjì yẹn ló wà nínú abọ́, èrè tí olùkójọ ì bá san lé fàdákà lórí ti bá omi lọ, nítorí ojú ara owó tí wọ́n bá ti bó kì í padà bọ̀ sípò. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má nù ún, ẹ di etí rẹ̀ mú, kì í ṣe ojú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ ra ike tí ẹ ó kó o sí, ẹ wò ó pé wọn ò fi PVC, irú ike rírọ̀ kan, ṣe é, torí irú ike yẹn máa ń tu nǹkan aláwọ̀ ewé kan sára owó láàárín ọdún mélòó kan, á sì jẹ ojú rẹ̀.